Gbogbo Alángbá Ló Dakùn Délẹ̀: Ṣé Ìkìlọ̀ Kẹ́míkà Ara Ọjà Ilé Ti Pọ̀ Jù?

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà lè rò pé ìlú májèlé lòun wọ̀. Ìkìlọ̀ ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ìgbafẹ́ Disneyland, ó ń bẹ nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí, ó ń bẹ lára bàtà, lára àpò, lára okùn iná, ó sì ti wà lára ògiri ilé kọfí rí. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wí: kẹ́míkà tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ, tàbí tó lè pa oyún lára, wà níbí. Ó ti wá di ohun tí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń kọjá lára rẹ̀ láìwojú ẹ̀.

Nílẹ̀ tiwa ńkọ́? Ìyàwó ilé kan lè jáde lówùúrọ̀ Sátidé, kó ra kẹrosíìnì sínú ìgò mínírà, kó ra ọ̀tapiapia nínú ike tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, kó ra kàfúrà tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, kó tún ra ìpara tí wọ́n pò níwájú rẹ̀, kó sì padà délé láìrí ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan ṣoṣo kà lára gbogbo ohun tó rà.

Nítorí náà, bí a bá béèrè bóyá ìkìlọ̀ kẹ́míkà ara ọjà ilé ti pọ̀ jù, ibi tí ẹni tó fẹ́ dáhùn bá dúró sí ni yóò sọ ohun tí yóò wí. Àwọn kan ní àsọdùn ni, pé ìjọba àti àwọn agbẹjọ́rò ló ń fi dẹ́rù bani. Àwọn kan ní kò tíì tó. Bí mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹ̀ wò, ohun tí mo rí ni pé ariwo ìkìlọ̀ ń lọ sókè níbi tí ewu kéré sí, ó sì ń rọlẹ̀ níbi tí ikú fara pamọ́ sí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bí gbogbo ọjà bá ń kígbe lóhùn kan náà, ẹni tó ń rà á kò ní mọ èyí tó yẹ kó sá fún.

Ọ̀fun ọmọdé ló bí òfin

Ìkìlọ̀ ara ọjà ilé kò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn adẹ́rùbani. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọdún 1900, ọ̀pọ̀ ilé ló ń lo kọ́sítíìkì sódà láti fi ṣe ọṣẹ àti láti fi la ojú páìpù tó dí. Ojú ṣúgà ni ọmọdé fi ń wò ó, á sì tọ́ ọ wò. Kẹ́míkà náà á jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Bí ojú egbò náà bá ń jinná, ọ̀nà ọ̀fun á máa súnkì díẹ̀díẹ̀, títí omi lásán kò fi ní rí ibi gbà mọ́. Dókítà Chevalier Jackson, àgbà oníṣègùn ọ̀fun ní Pennsylvania, ẹni tó mọ irinṣẹ́ ìwonú-ọ̀fun lò dáadáa, ń rí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Ó bọ́ síta, ó ń bẹ àwọn aṣòfin fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ìjọba àpapọ̀ fi ṣòfin lórí kọ́sítíìkì sódà àti àwọn kẹ́míkà ajónirun mìíràn lọ́dún 1927.

Òfin náà ní kí orúkọ kẹ́míkà hàn, kí ọ̀rọ̀ náà "Poison" hàn gàdàgbà, kí wọ́n sì kọ ohun tí a ó ṣe bí ẹnì kan bá gbé e mì. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá kà á á mọ ohun tó wà nínú ike, á mọ ohun tó lè ṣe é, á sì mọ ohun tí yóò ṣe bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1960, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé orí àwọn ọjà ilé yòókù. Lọ́dún 2003, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé gbé ìlànà kan jáde tí gbogbo orílẹ̀-èdè lè jọ máa lò: àwòrán mẹ́sàn-án nínú igun mẹ́rin aláàlà pupa, iná fún ohun tó ń gbiná, agbárí òkú fún májèlé, ọwọ́ tí nǹkan ń jó fún ohun tó ń jẹ ara.

Ohun mẹ́ta tí òfin 1927 béèrè yẹn ni mo máa fi wọn gbogbo ìkìlọ̀ tó kù.

Bí California ṣe sọ ìkìlọ̀ di ariwo

Lọ́dún 1986, àwọn olùdìbò California fọwọ́ sí òfin kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Proposition 65. Omi mímu ni wọ́n fẹ́ dáàbò bò. Òfin náà ní kí ìjọba kó orúkọ àwọn kẹ́míkà tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ tàbí tó ń ba ọmọ bíbí jẹ́ jọ, kí ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì máa kìlọ̀ fún aráàlú bí ọjà rẹ̀ bá ní wọn nínú. Orúkọ tó wà nínú ìwé náà báyìí ti lé ní 900.

Ibi tí ó ti yí padà nìyí. Fún kẹ́míkà tó ń fa jẹjẹrẹ, ìwọ̀n tí ìkìlọ̀ kò fi ní pọn dandan kéré gan-an: bí ènìyàn 100,000 bá ń fara kan án lójoojúmọ́ fún 70 ọdún, àfikún ẹni tí jẹjẹrẹ yóò mú nítorí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ilé iṣẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun kò kọjá ìwọ̀n yẹn. Ìtanràn lè tó 2,500 dọ́là lójúmọ́ fún ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Yàtọ̀ sí ìjọba, aráàlú lásán lè pe ilé iṣẹ́ lẹ́jọ́, ìdá mẹ́rin ìtanràn á sì jẹ́ tirẹ̀. Oníṣòwò tó bá ro èyí dáadáa á mọ̀ pé owó àyẹ̀wò àti owó agbẹjọ́rò ju owó bébà ìkìlọ̀ lọ fíìfíì. Ló bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo nǹkan.

Ọ̀ràn kọfí ló fi gbogbo rẹ̀ hàn. Bí a bá yan tàbí dín ohun onísítáàṣì, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní acrylamide máa ń jáde nínú rẹ̀. Ó wà nínú ànàmọ́ díndín, ó wà nínú búrẹ́dì yíyan, ó wà nínú èso kọfí tí a yan. Ẹgbẹ́ kan pe àwọn onílé kọfí lẹ́jọ́ lọ́dún 2010. Lóṣù kẹta ọdún 2018, Adájọ́ Elihu Berle ní àwọn ilé iṣẹ́ náà kò lè fìdí àwíjàre wọn múlẹ̀, pé kí wọ́n máa kìlọ̀. Bẹ́ẹ̀, lọ́dún 2016, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé, IARC, ti ní òun kò rí ẹ̀rí tó tó pé kọfí ń fa jẹjẹrẹ. Ìjọba California fúnra rẹ̀ ló padà ṣe ìlànà tuntun lọ́dún 2019 tó yọ kọfí kúrò.

Bí a bá fi ohun mẹ́ta wa wọn ìkìlọ̀ yìí, kò yege. Títí di oṣù kẹjọ ọdún 2018, kò pọn dandan kó dárúkọ kẹ́míkà rárá. Láti ìgbà yẹn ni orúkọ ẹyọ kan ó kéré tán ti di dandan nínú ìkìlọ̀ gígùn. Kò sọ bó ṣe pọ̀ tó. Kò sì sọ ohun tí ẹni tó kà á máa ṣe ju pé kó máa bẹ̀rù lọ.

Síbẹ̀, àwọn tó ń gbè sẹ́yìn òfin náà ní ẹjọ́ rere kan lọ́wọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn kò fẹ́ kí orúkọ jẹjẹrẹ wà lára ọjà wọn, wọ́n bá rọra yọ kẹ́míkà náà kúrò. Omi funfun tí àwọn akọ̀wé fi ń pa àṣìṣe rẹ́, Liquid Paper, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọjà náà dára sí i, ìkìlọ̀ kankan kò sì sí lára rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni máa kà. Èmi ò rí ẹni tó lè pe ìyẹn ní àsọdùn.

Ohun tó lè pani àti ìwọ̀n tó lè pani

Púpọ̀ nínú àríyànjiyàn yìí ti ibì kan ṣoṣo wá. IARC máa ń sọ bóyá nǹkan kan lè fa jẹjẹrẹ. Kì í sọ iye ẹni tí yóò mú nínú àwọn tó ń lò ó. Lọ́dún 2015, wọ́n kó ẹran alágolo àti sọ́séèjì sí ìsọ̀rí kìíní, ìsọ̀rí tí sìgá wà. Ìwé ìròyìn sì gbé e pé sọ́séèjì àti sìgá ti di ọ̀kan náà. Rárá o. Ohun tí ìsọ̀rí kìíní túmọ̀ sí ni pé ẹ̀rí tó wà lórí méjèèjì dájú. Iye ẹni tí sìgá ń pa pọ̀ ju ti sọ́séèjì lọ jìnnà.

Bákan náà ló ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí aspartame, adùn tó wà nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò aláìníṣúgà, máa fa jẹjẹrẹ. Oje odindi ewé aloe vera wà nínú ìsọ̀rí kan náà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ìgbìmọ̀ mìíràn lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé ní ìwọ̀n tí ènìyàn lè máa jẹ lójúmọ́ kò yí padà: 40 mílígíráàmù fún kílò ara kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wọn 70 kílò máa mu bí agolo mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá lójúmọ́ kó tó kọjá rẹ̀. Láti ọdún 1538 ni oníṣègùn Paracelsus ti kọ ọ́ pé ìwọ̀n ló ń sọ nǹkan di májèlé. Ìkìlọ̀ tí kò bá sọ ti ìwọ̀n ti fi ìdajì ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ta ló ń kà á?

Ká ní ìkìlọ̀ náà pé, ta ni yóò kà á? Ẹni tí májèlé inú ilé ń wu léwu jù kò tíì mọ̀wé. Ọmọ ọdún méjì ni. Ní Pittsburgh, lọ́dún 1971, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ṣe àwòrán ojú aláwọ̀ ewé kan tó yọ ahọ́n jáde, wọ́n sọ ọ́ ní Mr. Yuk. Wọ́n ní àwòrán agbárí òkú kò ba ọmọ ìlú náà lẹ́rù mọ́, nítorí orúkọ àwọn olè ojú omi ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn ń jẹ́, ayọ̀ ni wọ́n ń rí nínú rẹ̀. Mr. Yuk tàn kálẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí dán an wò, wọ́n rí i pé kò lé àwọn ọmọ kéékèèké sá fún ike májèlé.

Ohun tó gba ẹ̀mí là ni ìdérí. Lọ́dún 1970, òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n fi ìdérí tó ṣòro fún ọmọdé láti ṣí dé oògùn àti kẹ́míkà ilé. Ikú àwọn ọmọdé tí wọ́n ń gbé ásípírìn mì sì lọ sílẹ̀ gidigidi. Ìdérí kì í béèrè bóyá èèyàn mọ̀wé.

Nínú ilé tiwa

Ọ̀rọ̀ Yorùbá gan-an dé wàyí. Ẹ jẹ́ ká mú omi bílíìṣì àti omi tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá ìgbàlódé. Lẹ́yìn ike bílíìṣì, wọ́n á kọ ọ́ ní lẹ́tà wínníwínní pé kí a má pò ó mọ́ kẹ́míkà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó ni. Ṣùgbọ́n bí bílíìṣì bá pàdé ásíìdì inú oògùn ìfọṣáláńgá, afẹ́fẹ́ kílóríìnì ló ń jáde. Afẹ́fẹ́ kan náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915. Nínú balùwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ, kò sí ibi tí yóò gbà jáde. Ìkìlọ̀ yẹn kì í ṣe àsọdùn. Bó ṣe kéré tó lójú ni àléébù rẹ̀.

Kẹrosíìnì ni èkejì. Inú ìgò mínírà ló ń wà, nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, bí òùngbẹ bá sì gbẹ ọmọ ní ọ̀sán, ìgò tó mọ̀ ló máa nawọ́ sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ikùn kọ́ ni kẹrosíìnì ti ń ṣọṣẹ́. Ó fẹ́lẹ́, ó ń yọ̀, ó sì máa ń yà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tí ìyá tàbí ìyá àgbà á kọ́kọ́ rò ni epo pupa: "Ẹ bu epo fún un, kó bì í!" Èébì yẹn gan-an ló ń gbé kẹrosíìnì gba ọ̀fun kọjá lẹ́ẹ̀kejì, tí epo pupa fúnra rẹ̀ á tún bá a wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn dókítà ọmọdé nílẹ̀ yìí ti ń wí i tipẹ́: ẹ má fún un ní epo, ẹ má jẹ́ kó bì, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ìgò mínírà náà kò ní ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta wa. Orúkọ ohun tó wà lára rẹ̀ tilẹ̀ tún ń parọ́.

Kàfúrà ni mo rò pé ó burú jù, nítorí ẹnikẹ́ni kì í fura sí i. Àwọn hóró funfun tí à ń kó sáàárín aṣọ nítorí kòkòrò ni mò ń wí. Naphthalene ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Aṣọ tí wọ́n bá ti fi í pamọ́ ni wọ́n á yọ jáde láti fi wé ọmọ tuntun lọ́jọ́ ìkómọ. Ara ọmọ àti èémí rẹ̀ á fa òórùn náà sínú. Bí ọmọ náà bá wà lára àwọn tí èròjà G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n, ara rẹ̀ á pọ́n. Bí wọn kò bá tètè gbé e sábẹ́ iná ìtọ́jú tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó lè dé ọpọlọ, ọmọ náà lè kú, ó sì lè ya adití tàbí arọ. Àìtó èròjà yìí kò ṣọ̀wọ́n: ó wà lára nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún nílẹ̀ Yorùbá. Lọ́dún 1969, Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn fi hàn pé kòkòrò ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè nínú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, èyí tó jẹ́ ká mọ ìdí tó fi pọ̀ lára wa. Ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí àìtó yìí kò ti wọ́pọ̀ tó tiwa, ti lé naphthalene kúrò nínú hóró ìpakòkòrò aṣọ láti ọdún 2008. Àwa ṣì ń rà á nínú ọ̀rá tí kò ní orúkọ.

Sniper, oògùn apakòkòrò, kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Dichlorvos, tí wọ́n tún ń pè ní DDVP, ló wà nínú rẹ̀. Ó máa ń so ọwọ́ èròjà tó ń bá iṣan ara wa pa iná lẹ́yìn iṣẹ́, ni itọ́ àti òógùn á bá máa ya, ojú á ṣókùnkùn, èémí á sì há. Kẹ́míkà oko ni, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń tà á nínú ike tí kò ju 100 mílílítà lọ, ní ẹ̀gbẹ́ mílíìkì àti bísíkíìtì, lówó tí ẹnikẹ́ni lè san. Àwọn èèyàn fi fọ́n yàrá, wọ́n sì sùn síbẹ̀. Àwọn mìíràn dà á sí ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Lọ́dún 2015, ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí dichlorvos tí wọ́n rí nínú rẹ̀ fi púpọ̀púpọ̀ kọjá ìwọ̀n tí òfin wọn gbà, ìyẹn 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan. Lọ́dún 2019, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de ike kékeré náà, wọ́n sì ní kí wọ́n má tà á mọ́ ní súpámákẹ́ẹ̀tì àti lórí àtẹ ọjà. Ìkìlọ̀ wà lára ike yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó borí rẹ̀ ni bí ike náà ṣe kéré tó, iye tí wọ́n ń tà á, àti ibi tí wọ́n gbé e sí.

Ó tún ku èyí tí ìkìlọ̀ rẹ̀ jẹ́ irọ́. Àdéhùn Minamata, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí mẹ́kúrì, lòdì sí ìpara tí wọ́n bá fi mẹ́kúrì sí, síbẹ̀ àwọn ìpara ìbóra kan ń bọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ mẹ́kúrì sí lára. Ní Peckham, ní ìlú London, tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, ìjọba ìbílẹ̀ Southwark ti gbé àwọn oníṣọ́ọ̀bù lọ sílé ẹjọ́ léraléra nítorí ìpara tí òfin kò gbà. Ọmọ 84 ló sì kú ní Nàìjíríà lọ́dún 2008 sí 2009 nítorí My Pikin, oògùn eyín ọmọdé. Èròjà kan tí wọ́n rà bí propylene glycol ló jẹ́ májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Kò sí bí ìyá tó kà á ṣe lè mọ̀.

Ìdájọ́

Àwọn tó ní ìkìlọ̀ ti pọ̀ jù jàre nípa California, wọ́n sì jẹ̀bi nípa Ìbàdàn. Ìkìlọ̀ tó wà lára gbogbo nǹkan kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí lára ohunkóhun. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó yẹ kó kà sí, kó wò ó bóyá ó sọ orúkọ kẹ́míkà, ìpalára rẹ̀, àti ohun tí a ó ṣe. Bí a bá rí "Danger" lára ike, kí a mọ̀ pé ó le ju "Warning" lọ. Bí ìkìlọ̀ bá ní kí a má po nǹkan pọ̀, kí a má fi sínú ike mìíràn, tàbí kí a má jẹ́ kí ẹni tó gbé e mì bì, kí a ṣe bó ṣe wí gẹ́lẹ́. Èyí tó kàn ń sọ pé nǹkan kan "lè" fa jẹjẹrẹ, kí a kọ́kọ́ béèrè ìwọ̀n rẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù kì í ṣe ti ẹni tó ń rajà nìkan. Òfin wa ní kí ìkìlọ̀ wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó yẹ kí ìlà tó sọ ohun tí a ó ṣe lójú ewu wà ní Yorùbá, Haúsá àti Ígbò pẹ̀lú, kó sì tóbi tó orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ó yẹ kí ìdérí tí ọmọdé kò lè ṣí di dandan fún kọ́sítíìkì sódà àti omi ásíìdì. Ó yẹ kí hóró naphthalene kúrò lórí àtẹ, gẹ́gẹ́ bí ike Sniper kékeré ṣe yẹ kó ti kúrò. Kí a tó dá owó bébà ìkìlọ̀ sílẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọjà tí kì í pani, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ná an lórí márùn-ún tó ń pa ọmọ wa.